Eéwo Abẹ́ Gèlè

Ẹ súnmọ́bí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́bí dáadáa. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé, kí afẹ́fẹ́ má baà já ọ̀rọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó pọnmọ, kó sọ ọmọ kalẹ̀, kí ọmọ náà gbọ́. Ẹ gbé àga fún bàbá yẹn. Ṣé ẹ ti jókòó? Ó dáa. Ìtàn orí ni, orí obìnrin kan, àti ogun ńlá tí wọ́n jà nínú ara rẹ̀ láìsí ẹni tó gbọ́ ìró ìbọn.

Adéfúnkẹ́ lorúkọ obìnrin náà. Onídìrí ni, ní Emùré-Ilé. Ẹ wo ọwọ́, ẹ wo ọgbọ́n! Bí Adéfúnkẹ́ bá di ṣùkú fún ọ, orí rẹ á dúró bí adé. Bó bá di kòlẹ́sẹ̀, ìlà irun á tò gbọọrọ bí ebè àgbẹ̀ tó mọ ọkọ́ ọ́ lò. Àwọn ọmọ Pólì ń tọ̀ ọ́ wá láti Ọ̀wọ̀, àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ń tọ̀ ọ́ wá, àwọn ìyá ìjọ Áńgílíkà àti ti Kátólíìkì jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n á máa ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn.

Ṣùgbọ́n àṣírí kan wà. Orí Adéfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ti pá. Kírímù tí wọ́n fi ń na irun ló jó o nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, irun àárín orí bá tiẹ̀ lọ, kò padà mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Onídìrí tórí rẹ̀ pá, ta ni yóò gbé orí lé e lọ́wọ́? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rò ó. Wíìgì ló fi ń bò ó mọ́lẹ̀, wíìgì tó rẹwà tó jẹ́ pé àwọn oníbàárà ń sọ pé, "Irun bíi tiyín ni kẹ́ ẹ ṣe fún mi." Olúyọmí ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí Ọ̀wọ̀ ṣe ń rí bí ọdún Igogo bá dé. Ìlù á dákẹ́, agogo á gbàlú. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, àwọn ìjòyè ńlá pàápàá á dirun. Bí gèlè bá sì kúrò lórí obìnrin, kí ló kù? Irun ló kù! Ìdí nìyẹn tí gbogbo obìnrin Ọ̀wọ̀ fi ń wá onídìrí gidi kiri nígbà náà, tí ṣọ́ọ̀bù Adéfúnkẹ́ á kún tẹ́nutẹ́nu.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí tí èrò pọ̀, wíìgì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ lórí rẹ̀. Ó sá wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Abẹ́rẹ́ tó fi ń rán irun mọ́ orí oníbàárà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fọ̀ ọ́, kò fi ọtí nù ún. Ó ní kóun fi rán etí wíìgì mọ́ irun díẹ̀ tó kù ní ìpàkọ́ òun. Ọwọ́ tó ń rán orí ẹlòmíràn láìwojú, kò mọ ọ̀nà orí ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yọ̀, ó wọlé ṣọ́ọ́!

"Yéè!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?" Obìnrin kan bi í láti orí bẹ́ǹṣì.

"Èèrà ni! Èèrà ló jẹ mí."

Ó fi àtàǹpàkò nu ẹ̀jẹ̀ bíńtín náà, ó jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ parí lójú tirẹ̀.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọlé. Awọ ara wa yìí, ògiri ni. Ojú abẹ́rẹ́ ni ògiri fi lanu. Àwọn kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí, bakitéríà ni wọ́n ń pè wọ́n ní ọsibítù, wọ́n ti gun abẹ́rẹ́ náà bí ẹni gun ọ̀kadà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹran ìpàkọ́ Adéfúnkẹ́. Wọ́n rí omi, wọ́n rí oúnjẹ, wọ́n rí ìlọ́wọ́ọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ilé rèé." Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, kí wákàtí tó yí, wọ́n ti di èrò ọjà.

Àmọ́ ìlú tí Ọlọ́run tẹ̀ dó sínú ara èèyàn kò ṣàìní ọdẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tí wọn kì í kúrò nídìí ògiri. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lorúkọ ìdílé wọn. Àwọn oníkùn gbẹ̀ǹdù inú wọn ló ń ṣọ́ ibẹ̀ yẹn. Wọn ò lójú, wọn ò létí. Wọ́n á kàn fọwọ́ kan nǹkan, wọ́n á mọ̀ bóyá ọmọ ilé ni tàbí olè. Wọ́n fọwọ́ kan bakitéríà. Wọ́n ní, "Rárá, a ò bí èyí." Wọ́n gbé ọ̀kan mì kàló, wọ́n gbé òmíràn mì kàló. Ṣùgbọ́n ọ̀tá pọ̀ jù wọ́n lọ, ni wọ́n bá figbe ta. Igbe tiwọn kì í ṣe ariwo o. Ó dà bí òórùn irú tó ń rìn láti ilé ìdáná kan títí yóò fi kárí àdúgbò.

Òórùn yẹn dé ara òpó ẹ̀jẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ sì fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ya lọ síbẹ̀, ìpàkọ́ pọ́n, ó gbóná. Omi jò jáde lára òpó, ìpàkọ́ wú. Àwọn ọmọ ogun funfun kéékèèké tí ń bá ẹ̀jẹ̀ sáré lọ gbọ́ òórùn náà, wọ́n fara mọ́ ògiri òpó, wọ́n ń yí gbirigbiri. Wọ́n dúró. Wọ́n fún ara wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewúrẹ́ tó ń gba àárín ọgbà kọjá. Wọ́n bọ́ sójú ogun. Ẹ bá wọn gbe orin wọn:

Ẹ̀ṣọ́ funfun, ẹ má sùn o,
Gbirigbiri, a ń bọ̀.
Àlejò ti fọ́lé wọlé o,
Gbirigbiri, a ń bọ̀.
Ẹ gbé e mì, ẹ má tu ú o,
Gbirigbiri, a ń bọ̀.

Adéfúnkẹ́ ò gbọ́ orin. Ìrora ló gbọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà, wíìgì ò wọ orí mọ́. Ó gbé e lé e, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìpàkọ́ ti wú, ó ń sọ kùkùkù bí ẹni ń gún nǹkan nínú rẹ̀. Kí ló kù tí yóò fi bo orí? Gèlè. Emùré-Ilé kúkú kọ́ ni Ọ̀wọ̀; kò sẹ́ni tí yóò ní kó tú gèlè nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Ó wé gèlè, ó fà á wálẹ̀ dé ọrùn.

Olúyọmí ń wò ó. Tíṣà ni ọkùnrin náà, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè.

"Fúnkẹ́, jẹ́ n rí i."

"Rí kí ni? Eéwo lásánlàsàn."

"Eéwo lásán tí ò jẹ́ kó o forí lélẹ̀ sùn? Múra, ká lọ sí ọsibítù l'Ọ́wọ̀."

"L'Ọ́wọ̀ kẹ̀!" Adéfúnkẹ́ yí padà bí ẹni tí wọ́n ta lọ́fà. "Nínú Igogo? Kí n ṣí orí pípá yìí sílẹ̀ máa rìn láàrin àwọn tí mo dirun fún? Olúyọmí, ṣé o fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù mi kú ni?"

"Ta ló máa kú, ṣọ́ọ̀bù àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yìn Igogo. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, tí gèlè padà sórí èèyàn, màá tẹ̀ lé ẹ lọ. Mo ti sọ."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Gbogbo ayé ń sá tọ ọsibítù Ọ̀wọ̀ lọ bí ara wọn ò bá yá, obìnrin yìí ń sá fún un nítorí gèlè. Ó dá ọjọ́ fún eéwo, bí ẹni pé eéwo gba kàlẹ́ńdà.

Kí ọkọ rẹ̀ má baà yọ ọ́ lẹ́nu, ó kọ ẹ̀yìn sí Ọ̀wọ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ùtè, ó wọ ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò rí eéwo. Ẹnu ló fi ròyìn ẹ̀ fún un. Ó ta kápúsù fún un, ó ní, "Màmá, ẹ lò ó tán pátápátá o, bára bá tiẹ̀ yá." Adéfúnkẹ́ ní òun gbọ́. Ó lò ó, ìrora lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì da ìyókù sínú agolo. Ó ní yóò wúlò lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má wojú ara yín, gbogbo wa la ti ṣe é rí! Àwọn bakitéríà tó rọ̀ ti kú. Àwọn olórí-kunkun inú wọn ló sá pamọ́, tí wọ́n tún ń bímọ.

Nínú ìpàkọ́ náà, ogun ti le. Ọmọ ogun funfun kì í pẹ́ láyé. Bó bá ti gbé ọ̀tá mì, tó da oró inú ara rẹ̀ lé e lórí, òun náà á kú. Òkú àwọn méjèèjì ló jọ ń dìpọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ọyún tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú eéwo, tẹ́ ẹ̀ ń tu itọ́ sí, òkú àwọn akọni ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ara wá mọ odi yí wọn ká, odi tó le koko bí èkùrọ́, kí ogun má baà tàn dé ibòmíràn. Wọ́n há ọ̀tá mọ́bẹ̀. Bí wọ́n bá rí ẹni bá wọn là á sí ìta pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́ àti irin mímọ́, ìjà ì bá tán síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Adéfúnkẹ́ ti ilẹ̀kùn yàrá. Onídìrí ni, kò ṣàìní dígí méjì. Ó gbé ọ̀kan síwájú, ó gbé ọ̀kan sẹ́yìn, ó rí ìpàkọ́ ara rẹ̀ kedere: eéwo pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ojú rẹ̀ funfun, ó ń dán. Ó ní, "Lónìí, èmi pẹ̀lú ẹ." Ó fi ìka méjì fún un. Ó fi agbára fún un. Ọyún díẹ̀ bọ́ síta, inú rẹ̀ dùn. Kò mọ̀ pé èyí tó bọ́ sínú ló pọ̀ jù. Odi fọ́ láti inú. Àwọn bakitéríà rí ọ̀nà, wọ́n tú gììrì, wọ́n bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ sì ni títì tó lọ sí gbogbo ilé nínú ara: ó lọ sọ́kàn, ó lọ sí kíndìnrín, ó lọ sọ́pọlọ.

Ó tún gèlè wé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹni tó wà lórí àga lọ́jọ́ náà ni Àràmídé, òṣìṣẹ́ káńsù kan láti Ọ̀wọ̀, obìnrin ńlá, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Adéfúnkẹ́ ti di apá kan orí rẹ̀ tán, ó ku apá kejì tó dúró ṣánṣán bí igbó, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ìyá onídìrí, ṣé ẹ̀ ń gbọ̀n ni àbí ẹ̀ ń jó?"

"Òtútù ló ń mú mi."

"Òtútù? Nínú oòrùn yìí tí èmi ń làágùn bí ẹran tí wọ́n yọ lórí iná?"

Adéfúnkẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ẹ̀ṣọ́ funfun ti ránṣẹ́ sí ọpọlọ: ọ̀tá ti wọ títì o, ẹ dáná sí ilé kí ara má rọ̀ wọ́n! Ọpọlọ sì gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń gbóná bí ààrò, tí ẹni tó ni ín sì ń gbọ̀n bí ẹni òjò pa. Àràmídé na ọwọ́ gbá a mú, ó sì yára fi í sílẹ̀.

"Yéè! Iná ni! Ìyá onídìrí, ẹ tú gèlè yìí kí atẹ́gùn fẹ́ yín."

"Má fọwọ́ kàn án!"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè mú. Ó fẹ́ jókòó, àga ò sí níbi tó fìdí sí. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Kóòmù fò lọ.

Àràmídé ò wo orí ara rẹ̀ tí wọn ò tíì dì tán. Bó ṣe wà, apá kan kòlẹ́sẹ̀, apá kan igbó, ló ṣe sáré já sójú títì, tó ń pariwo, "Tíṣà! Tíṣà Olúyọmí o! Ẹ gbà mí!" Títì bú sẹ́rìn-ín, kò ka ẹnì kankan sí.

Yahya ló gbé wọn. Ọmọ Òkè Ọya ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà yẹn, ó ń fi ọkọ̀ kékeré kan kérò Ọ̀wọ̀. Wọ́n tẹ́ Adéfúnkẹ́ sẹ́yìn, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ Àràmídé, Olúyọmí jókòó síwájú. Ọkọ̀ ń fò lórí kòtò. Mímí Adéfúnkẹ́ ti yára, ó ń mí bí ẹyẹ tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé.

"Ẹ má gbé mi lọ s'Ọ́wọ̀," ló ń sọ. "Ẹ gbé mi lọ s'Ákúrẹ́."

"Àkúrẹ́!" Yahya wò ó nínú dígí. "Áńtí, pẹ̀lú irú mímí yìí? A ò ní gbé yín débẹ̀ láàyè."

"Yahya!" ni Olúyọmí wí.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ohun tójú mi rí lẹnu mi sọ."

Àràmídé rọra tẹ ọrùn Adéfúnkẹ́. Kókó ti so sábẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì. Ìlà pupa kan ti yọ lábẹ́ gèlè, ó ń wá sí èjìká.

Nígbà tí wọ́n dé etí ìlú, wọ́n gbọ́ agogo lọ́ọ̀ọ́kán. Yahya ṣí fìlà orí rẹ̀, ó gbé e síwájú ọkọ̀.

"Ó ku gèlè áńtí," ló wí jẹ́jẹ́.

"Aláìsàn ni," Olúyọmí dáhùn. "Ìlú ò ní bínú sí aláìsàn."

Adéfúnkẹ́ gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ tún le mọ́ gèlè. Báyìí ló ṣe wé gèlè kọjá láàrin àwọn tórí wọn ṣí sílẹ̀, báyìí náà ló ṣe wé e dé ọsibítù.

Gbọ̀ngàn ọsibítù kún. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Zipporah ló pàdé wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ó fi nǹkan sí Adéfúnkẹ́ lábíyá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ìpàkọ́," ni Olúyọmí wí.

"Ìyá, mo fẹ́ tú gèlè yìí."

"Ẹ kọ́kọ́ lé gbogbo wọn jáde," ni Adéfúnkẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín. Ó ti rí ojú mẹ́ta tó mọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Orí tí òun fọwọ́ ara òun dì ló wà lọ́rùn wọn.

"Mi ò ríbi lé wọn lọ. Yàrá ti kún. Ìyá, ẹ gbọ́." Nọ́ọ̀sì Zipporah kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ara yín ní ọmọ ogun, wọ́n sì ti ń jà látọjọ́ yìí wá. Wọ́n há ọ̀tá mọ́ ibì kan fún yín. Ní báyìí ọ̀tá ti já, ó ti wọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ ogun yín ń kú ju bí wọ́n ṣe ń bí wọn lọ. Mo ní oògùn tó lè bá wọn jà, dókítà sì máa la ojú ibẹ̀ kí ìdọ̀tí jáde. Ṣùgbọ́n a ò lè la ohun tí a ò rí. Bẹ́ ẹ bá di gèlè yìí mú, gèlè náà la máa fi sin yín."

Olúyọmí, tíṣà tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, bú sẹ́kún láàrin èrò.

Adéfúnkẹ́ wò ó. Ó wo bẹ́ǹṣì. Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀.

"Áńtí Fúnkẹ́," ni Àràmídé wí, "ẹ wò mí. Ẹ wo orí tí mo gbé gba àárín ìlú, nínú Igogo, èmi tí mò ń fi ẹwà yangàn ní káńsù! Bí ẹni tí àkùkọ ṣá lórí ni mo rí. Mo ti kú? Mi ò kú. Ẹ tú nǹkan yìí, ká jọ burẹ́wà pọ̀!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín náà ò ṣe ìkà.

Adéfúnkẹ́ gbé ọwọ́ sókè. Òun fúnra rẹ̀ ló fa ìdí gèlè yọ, òun ló tú ìpele àkọ́kọ́, òun ló tú èkejì. Ìpele ìkẹyìn ti lẹ̀ mọ́ ọyún. Ó pa eyín dé, ó fà á, igbe bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Gèlè balẹ̀. Orí pípá yọ síta gbangba, àti eéwo ńlá tó ti dúdú létí.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà fún wọn!" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì ló dìde tó ń ti èrò sẹ́yìn. "Ṣé ẹ ò rí i pé ara ò dá ni? Ìyá tó ń dirun wa ni!"

Wọ́n gbé e wọlé.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà Ṣèyíọlá wo èsì, ó fa ojú ro. Ó ní sẹ́ẹ̀lì funfun pọ̀ níbẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú wọn, ọmọdé ni, kò tíì gbó. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń bí wọn. Bí ogun bá le tán, eegun ò ní dúró kí wọ́n dàgbà mọ́. Yóò kàn máa rán àwọn ọmọdé jáde. Ìlú tó ti ń rán ọmọdé lọ sógun, ẹ mọ̀ pé apá àgbà ti ń ká kò níbẹ̀.

Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fi oògùn sínú iṣan. Dókítà fi abẹ̀ la ojú eéwo, ọyún tú jáde bí ẹni ṣí ìdí àgbá. Wọ́n nù ún, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n ki báńdéèjì bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó ku dídúró. Olúyọmí ò jókòó. Àràmídé mú páálí kan, ó ń fẹ́ ẹ, ẹnu rẹ̀ ń ka àdúrà, àdúrà rẹ̀ ń di ìjà: "Olúwa, mi ò ní gbà o. Ta ló máa di apá kejì orí mi?" Ara aláìsàn ń jó. Ó ń sọ̀sọkúsọ, ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì sáré, wọ́n tún fi omi mìíràn sí i. Oòrùn ń wọ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì yé ẹnì kan.

Nínú lọ́hùn-ún ńkọ́? Oògùn dé bí ẹgbẹ́ ogun tó wá ran ará ilé lọ́wọ́. Ó ń fọ́ igbá ẹ̀yìn àwọn bakitéríà. Àwọn ọmọ ogun funfun tó kù gbá wọn mú láti ẹ̀yìn. Nínú kókó abẹ́ etí yẹn, tí Àràmídé fọwọ́ kàn, ibẹ̀ ni bárékè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kan ti gbé èérún ara ọ̀tá lọ síbẹ̀ pé, "Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa." Àwọn alágbẹ̀dẹ inú sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń rọ ọfà látọjọ́ náà wá, ọfà tó bá ojú ọ̀tá yẹn nìkan mu. Ibi tí ọfà bá bà, ọ̀tá ò lè fara pamọ́ mọ́. Oníkùn ńlá á kàn gbé e mì ni. Ẹ tún bá mi gbe é, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ yín:

Ọfà ti dé, ọfà ti pé o,
Gbirigbiri, a ti dé.
Ẹni ń sá, ẹ má jẹ́ ó lọ o,
Gbirigbiri, a ti dé.
Orí aṣọ́lé ò ní tẹ́ o,
Gbirigbiri, a ti dé.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀, Àràmídé fọwọ́ kan iwájú orí Adéfúnkẹ́. Ó tutù. Ó lómi. Òógùn ti bò ó láti orí pípá dé àyà, gbogbo ìrọ̀rí ló rẹ. Àràmídé figbe ta, "Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì, ó ń làágùn!" Zipporah sáré wọlé, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọpọlọ ti ní kí wọ́n paná. Wọ́n ti ń ṣẹ́gun."

Adéfúnkẹ́ lajú. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni orí Àràmídé, apá kan kòlẹ́sẹ̀, apá kan igbó tí wọ́n ti sùn lé.

"Ta ló ba orí ẹ jẹ́ báyìí?" ló bi í.

Ẹ ò bá gbọ́ ẹ̀rín ní wọ́ọ̀dù!

Wọn ò jẹ́ kó lọ kíákíá o. Ó lo oògùn, ó lò ó tán láìṣẹ́ ku ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì Zipporah ń bá a pààrọ̀ báńdéèjì, ó ń kìlọ̀ fún un: kí a máa se abẹ́rẹ́ irun tàbí ká fi ọtí nù ún, kí a má fún eéwo, kí a má dá ọjọ́ fún àìsàn. Àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ sì ń wọlé wá kí i, wọ́n ń jókòó tì í, orí wọn ṣí sílẹ̀, orí tirẹ̀ náà ṣí sílẹ̀. Adéfúnkẹ́ ń retí kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ irun. Nígbà tó pẹ́, ìyá ìjọ kan ló sọ ọ́.

"Nítorí irun yìí lẹ ṣe fẹ́ kú? Ẹ̀yin tẹ́ ò lè rí irun ara yín dì, tẹ́ ẹ wá ń di tiwa tó báyìí, ó túmọ̀ sí pé ọwọ́ yẹn kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ẹ yáa tètè gbádùn, orí mi ti ń yún mi."

Adéfúnkẹ́ sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tó padà sí Emùré-Ilé, ṣe ni ilé kún. Olúyọmí ti bẹ àwọn ọkùnrin mẹ́ta, odó ń dún kìì, kìì, kìì láti òwúrọ̀. Iṣu tuntun ni, ẹnì kan gbé e wá láti Òkèlúsè, iṣu tó funfun bí òwú. Ẹ̀gúsí hó nínú ìkòkò ńlá, ìgbín wà níbẹ̀, ẹran ìgbẹ́ wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì Zipporah wá nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Yahya gbé èrò wá láti Ọ̀wọ̀, ó ní òun ò ní wọlé, wọ́n fà á lápá. Àràmídé wá pẹ̀lú orí tí onídìrí mìíràn ti parí, ó sì ń bú onídìrí náà kó tó jókòó.

Adéfúnkẹ́ jókòó láàrin wọn láìbo orí, báńdéèjì kékeré ní ìpàkọ́, ó ń bu ọbẹ̀ fún wọn. "Ẹ jẹun," ló ń wí. "Eegun yín náà fẹ́ oúnjẹ kó tó lè bí ọmọ ogun." Yahya béèrè òkèlè sí i, wọ́n bù ú fún un. Ọmọ kékeré kan jẹ ìgbín méjì, ó fẹ́ ẹ̀kẹta, wọ́n fún un. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n mu omi, ikùn gbogbo wọn dúró bí agbè. Nígbà tí ìkòkò gbẹ, tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ará Ọ̀wọ̀ wọkọ̀, ará Emùré-Ilé fẹsẹ̀ rìn, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, ó yó, inú rẹ̀ sì dùn.